Ìbọn Tó Bá Apá Elma Mu

Ìbọn náà ta Elma Kangas nípàá bí ẹṣin tí eṣinṣin wọ̀ nímú. Kó tó mọ̀ pé òun ti fà á, ìdí ìbọn ti gbá a léjìká, awò tí à ń fi wo ọ̀nà jíjìn lórí rẹ̀ ti gé e lókè ojú, òun fúnra rẹ̀ sì ti fìdí jókòó sínú òkúta wẹ́wẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Páálí tó ń yìnbọn sí dúró lọ́hùn-ún ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ó mọ́ lóló, kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

Waino, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Tábà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kòtò yẹpẹ tí wọ́n ti ń dánra wò yìí fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ṣùgbọ́n Waino kò rí ibi tí yóò tutọ́ sí àfi inú ife kọfí Elma.

"Dìde, ológoṣẹ́! Ìbọn Bàbá kì í pa ọmọ Bàbá."

"Ife mi nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

"Kọfí ti tutù nínú ẹ̀. Nu ẹ̀jẹ̀ ojú ẹ, kó o tún un yìn."

Elma wo inú ife náà. Nǹkan dúdú kan léfòó sójú kọfí, ó ń yí po, ó ń fa okùn lẹ́yìn bí ìgbín tó ń rìn. Ó ju ife àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú igbó.

"Mi ò tún un yìn mọ́," ó ní. "Màá ra ìbọn tèmi."

Ẹni ọdún méjìléláàdọ́ta ni Elma. Ó ń se oúnjẹ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wọn, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sì ti ga jù ú lọ. Bàtà ọmọdé ló ń wọ̀, torí òun ló bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó sì pọ́ọ́kú. Ara rẹ̀ kéré lóòótọ́, ojú rẹ̀ kò kéré. Àgbọ̀nrín tó bá dúró láàárín igi, Elma ti rí i kí àwọn tó ga tó rí igi gan-an.

Bàbá wọn tó ti kú fi àgọ́ ọdẹ kan sílẹ̀ fún òun àti Waino létí àbàtà, níbi tí igi kédárì ti pọ̀. Àgọ́ náà ní òfin, òfin náà sì ti pẹ́ ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹni tó bá yìnbọn tó tàsé, wọn a gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn a kàn án mọ́ ògiri. Ẹni tó bá ṣe ẹran léṣe, tí ẹran sì gbé ọgbẹ́ sá wọgbó, wọn a gé tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣe ẹran léṣe báyìí lọ́dún méjì tó tẹ̀léra, ó pàdánù ibùba rẹ̀ nìyẹn, ẹlòmíràn ni yóò máa jókòó síbẹ̀.

Ibùba Elma ni èyí tí Bàbá fi pákó kàn sórí òpó mẹ́rin, lábẹ́ kédárì tó dàgbà jù. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí Bàbá fi ọ̀bẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó náà. Ibẹ̀ ni ẹran ń gbà kọjá ṣáá, ó ti pẹ́ tí Waino ti ń ṣojúkòkòrò sí i.

Lọ́dún tó kọjá, Elma ti ṣe ẹran léṣe. Ìbọn Bàbá yìí náà ló gbé lọ, mágínọ́mù 300 tó ń jẹ ọta alágbára, irin gígùn tó lè pa béárì. Ẹ̀rù ìpá rẹ̀ bà á, ó dijú kó tó fà á, ọta bá abo àgbọ̀nrín kan níkùn dípò àyà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Àwọn ìkookò kéékèèké ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá, ikùn rẹ̀ ti wú, òórùn rẹ̀ sì wọ imú Elma débi pé títí di ìgbà tí à ń sọ yìí, bó bá ń se ẹ̀dọ̀ nílé ìwé, á ṣí fèrèsé. Kì í ṣe òórùn yẹn nìkan ló ń kó o nírìíra. Ara rẹ̀ ni. Bàbá ní orin kan tó máa ń kọ tó bá ń pọ́n ọ̀bẹ:

*Rọra jẹun, ẹran ìgbẹ́,*
*Ikú tí mo gbé wá, kó má dùn ọ́.*
*Bó bá dùn ọ́, mo jẹ̀bi,*
*Bó bá dùn ọ́, kí ẹran rẹ korò lẹ́nu mi.*

Ẹran ọdún tó kọjá kò tilẹ̀ dé ẹnu ẹnikẹ́ni.

"Ìbọn tìẹ kẹ̀!" Waino ní nínú kòtò yẹpẹ níbẹ̀, tábà ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. "Ṣé wàá kọ ogún sílẹ̀ ni? Ìbọn tó tọ́ wa dàgbà! Gbọ́ mi dáadáa, Elma: ẹni tó bá kéré ló nílò ìbọn ńlá. Bí ọwọ́ ò bá lágbára, ọta á lágbára."

"Ojú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ojú tèmi náà ṣẹ̀jẹ̀ rí. Èèyàn á mọ́ra."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọdẹ ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì, Elma wakọ̀ lọ sí ilé ìtajà ńlá tó wà ní ìgboro, ó lẹ báńdéèjì mọ́ òkè ojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fín lọ́fínńdà títí ó fi ń rùn jáde sí i. Kò béèrè ibi tí ó ti ń ṣọdẹ, kò béèrè ẹran tó ń pa, àfi kó na ọwọ́ sókè kó sì gbé ìbọn aláwọ̀ pínkì kan wálẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ gbé e wò. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Àwọn obìnrin fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

"Irú ọta wo ló ń jẹ?"

"Mágínọ́mù ni, Mọ́mì. Àgbọ̀nrín ò ní dìde. Ẹ tún wo àwọ̀ ẹ̀, á bá fìlà yín mu."

Elma gbé e wò. Lóòótọ́, ó fúyẹ́. Ká sọ òótọ́, ó kù díẹ̀ kó rà á, nítorí ẹni tí ẹrù ti ń wọ̀ lọ́rùn, bí wọ́n bá sọ fún un pé nǹkan fúyẹ́, á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wo àwọ̀ náà, ó rí bí ìfun adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí i bíi pé bèbí lòun ń tà. Nǹkan náà rí i lára. Ó gbé e padà sórí káńtà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó jáde.

Ọ̀dọ̀ Irma Tervo ló gbà lọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Irma, opó ọkùnrin tó máa ń tún ìbọn ṣe lójú ọ̀nà adágún. Ọkọ kú, ìyàwó gba irinṣẹ́. Ó ń ta ìbọn àlòkù nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, láàárín ológbò mẹ́rin.

"Sún mọ́ mi," Irma ní kó tó kí i rárá. "Ta ló fi awò gé ẹ lójú báyìí?"

"Ìbọn Bàbá wa ni, mà."

"Mágínọ́mù ọjọ́sí yẹn?" Irma ṣí ojú sílẹ̀. "Ṣé ẹ ò tíì sọ ọ́ sínú adágún ni? Ká apá ẹ."

Elma ká apá. Irma mú ìbọn kan tó gùn tó ti Waino, ó ti ìdí rẹ̀ sínú ìgúnpá Elma, ó ní kó na ìka síbi tí à ń fà. Ìka kò dé ibẹ̀. Ó ku ìbú ìka mẹ́ta.

"O rí i? Ìdí ìbọn gùn jù fún ẹ. O wá ń na ọrùn bíi tòlótòló kó o lè ríran nínú awò, awò náà sì wá kí ẹ níwájú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ṣé ẹni tó bá wọ ṣòkòtò ìgìrìpá tó ṣubú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló burú?"

"Wọ́n fi ọ̀kan tó fúyẹ́ hàn mí ní ìgboro."

"Ọta wo ló ń jẹ?"

"Mágínọ́mù náà ni."

Irma pòṣé títí ológbò kan fi sá bọ́ sábẹ́ àga. "Ṣíọ̀! Ọmọ wo ló ń ta ìranù yẹn? Agbára ọta kan náà ni, Elma. Bí irin ò bá gbà á, èjìká ẹ ni á gbà á. Ìbọn fúyẹ́, ọta ńlá, òun ló ń sọ èèyàn di ẹni tó ń dijú. Ìwọ, ìbọn tó wúwo díẹ̀ tó sì kúrú nídìí lo nílò, kó jẹ ọta tí ò ní bá ẹ jà."

Ó gbé méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan ń jẹ ọta 243, èkejì ń jẹ èyí tí wọ́n ń pè ní 7mm-08, tó tóbi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ó ní àwọn méjèèjì ló ń pa àgbọ̀nrín. Èkejì lágbára jù, àkọ́kọ́ tutù jù. Kò sọ èyí tí Elma yóò mú. Wọ́n jáde sẹ́yìn ilé, níbi tí òkìtì iyanrìn wà, Irma ní kó kọ ẹ̀yìn sí òun, òun ni yóò máa ki ọta, kó máa wulẹ̀ fà á.

Èyí tó tóbi dún lẹ́ẹ̀mejì, ó bá páálí dáadáa. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Elma fà á, kò dún. Irma kò ki nǹkan kan sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ìbọn sì ti lọ sílẹ̀ bí orí ẹni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ahaa!" Irma pàtẹ́wọ́. "Ara ẹ ló ń sá fún ohun tí ò sí níbẹ̀. Ìbọn Waino ló kọ́ ẹ."

Ojú ti Elma, inú sì bí i. Ó gbé 243. Ó dún, ó dún, ó tún dún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ṣófo: ẹnu ìbọn dúró sójú kan bí ilẹ̀kùn. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ohun tí ìdérí ìgò yóò bò.

"Èyí ni," Elma ní. "Ṣùgbọ́n wọ́n á ní ó kéré."

"Ẹran ò mọ orúkọ ọta. Ibi tó bá a ló mọ̀. Má yìn ín sí ẹran tó kẹ̀yìn sí ẹ, má yìn ín sí èyí tó jìnnà. Dúró kó fi ẹ̀gbẹ́ hàn ẹ. Bàbá ẹ, ọta kékeré bí èyí ló fi pa gbogbo ẹran tẹ́ ẹ jẹ dàgbà."

"Bàbá kẹ̀? Mágínọ́mù ni Bàbá ń lò."

Irma jókòó sórí òkìtì iyanrìn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Inú tẹ́tẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá ẹ ti jẹ ìyẹn! Ìbọn ló jẹ, ẹni kejì jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, bàbá ẹ ní kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, ọkùnrin yẹn kọ̀. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó wá síbí, kò lè gbé apá. Ó ní kí ọkọ mi bá òun tà á. Ọdún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìwakùsà pa, ó ta ìbọn kékeré ẹ̀ torí oúnjẹ, kò sì rẹ́ni ra ti ńlá. Ìgbà tí Waino ti ibi iṣẹ́ ológun dé, ó rí i lára ògiri, ó ní, 'Háà, bàbá mi alágbára!' Ta ló fẹ́ ba ìyẹn jẹ́ lójú ọmọ?"

Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń fi òróró nu ìbọn náà bí ohun mímọ́, ogójì ọdún tí èjìká ń wú. Nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn ò rí gbà! Elma tutọ́ sílẹ̀, òun tí kì í tutọ́.

Irma fi ayùn gé ìdí 243 náà, ó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, ó tún un wọ̀n mọ́ ìgúnpá Elma. Ìka dé ibi tó yẹ kó dé. Elma sì ń kọrin nínú ọkọ̀ rẹ̀ títí dé ilé:

*Ológoṣẹ́ ò ra ìbọn erin,*
*Ológoṣẹ́ ò ra ìbọn erin,*
*Èyí tó bá apá mi mu ni mo rà,*
*Ẹni tí inú bá ń bí, kó lọ gun igi!*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdẹ, yìnyín ti bo òrùlé àgọ́. Nínú ilé, ìbọ̀sẹ̀ Waino mẹ́fà ń gbẹ lórí sítóòfù, gbogbo rẹ̀ ń rùn bíi wàrà tó kan. Waino fúnra rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ìtọ̀ àgbọ̀nrín pa bàtà. Inú ìgò ni wọ́n ń ta á, ìtọ̀ abo tó ń wá akọ, àwọn àgbàlagbà tí orí wọn pé ń fi owó rà á. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ láìdé e, ìgò dojú dé, ó ṣàn lọ bá búrẹ́dì tí Elma fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan.

"Kò ṣe nǹkan kan," Waino ní, ó já ibi tí kò tutù jẹ. "Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì dáa."

Elma gbé ẹnu mọ́ ilẹ̀kùn, ó mí afẹ́fẹ́ òtútù kí ohun tó jẹ lọ́sàn-án má baà jáde.

"Níbo lo ti rí ìbọn ọ̀kẹ́rẹ́ yìí?" Waino ti fà á yọ nínú àpò. "Wọ́n tilẹ̀ gé e nídìí! Elma, ìbọn aláàbọ̀ ara lo rà wá."

"Òun ló bá apá mi mu."

"Ó dáa. Èmi ti ń wo ibi tí màá gbé àga mi sí nínú ibùba Bàbá. Wàá fi ìyẹn bá ẹran wí, ẹran á gbé e sára sá lọ, ọdún kejì rèé." Ó nawọ́ sí ògiri, níbi tí ìdí ṣẹ́ẹ̀tì Elma ti ọdún tó kọjá wà láàárín àwọn yòókù. "Ṣé kí n ti wá ìṣó kalẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì dé orí ahọ́n Elma. Ó gbé e mì. Bó bá sọ ọ́ báyìí, tó sì wá ṣe ẹran léṣe lọ́la, ariwo lásán ni yóò jẹ́.

Ilẹ̀ mọ́ pẹ̀lú òtútù tó ń gé etí. Elma jókòó nínú ibùba, ó fi ìka kan àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lára pákó. Kò pẹ́, akọ àgbọ̀nrín kan jáde láàárín kédárì, ìwo rẹ̀ dà bí ẹ̀ka gbígbẹ. Iwájú ló kọ́kọ́ kọ sí i. Elma kò yìn ín. Ẹran náà yí ẹ̀yìn padà, ó ń họ yìnyín wá koríko. Elma kò yìn ín. Ọwọ́ rẹ̀ ń dì, ó ń rántí òórùn yẹn, ó sì ń kọ orin Bàbá láìyanu: *rọra jẹun, ẹran ìgbẹ́*. Ẹran náà yí ẹ̀gbẹ́. Elma rí i kedere nínú awò, àní ó rí èéfín tó ń jáde ní imú rẹ̀, ojú Elma sì là sílẹ̀ nígbà tí ìbọn dún.

Àgbọ̀nrín gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó wo iwájú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì dùbúlẹ̀. Kò mira mọ́.

Elma sọkún díẹ̀, ó nu imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ mágínọ́mù ní ìhà kejì àbàtà: gbòlà! Ó dákẹ́. Gbòlà! Ó tún dákẹ́. Nígbà tó yá, Waino ń sáré bọ̀ nínú yìnyín.

"Mo bà á! Akọ ńlá, Elma! Mo bà á!"

"Níbo ló wà?"

"Ó... ó sáré díẹ̀."

Elma bá a lọ. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín, nǹkan ewéko tí ikùn ti lọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni imú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Òórùn kan náà. Ó fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu. Ìṣẹ́jú ọgọ́ta ni wọ́n fi tọ ipa rẹ̀, Waino ń mí bí ẹṣin arúgbó, kò tilẹ̀ rántí tábà. Wọ́n bá a nínú igbó tó dí, ó ṣì wà láàyè, ìfun rẹ̀ ń wọ́ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń wò wọ́n.

"Ẹ parí ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Waino gbé mágínọ́mù sókè. Elma wo ojú rẹ̀: ó ti dì í pinpin kí ìka rẹ̀ tó dé ibi tí à ń fà.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," Elma ní. Ó sún mọ́ ọn, ó fi 243 parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹ̀yìn ti igi, ó bì.

Nínú àgọ́, Waino dúró sí àárín ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀ bí òfin ti wí. Elma gbé sísọ́ọ̀sì. Bó ṣe fa ṣẹ́ẹ̀tì náà ni ọrùn rẹ̀ ṣí, tí èjìká ọ̀tún yọ. Ó dúdú, ó yí sí àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó ti rà. Wíwú ti ọjọ́ òní wà lórí ti àná, ti àná wà lórí àpá àtijọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Bàbá ti kú," Waino ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn. Mo rò pé èmi ni mi ò lágbára tó."

Elma gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì náà gẹ́rẹ́gẹ́, ó kàn án mọ́ ògiri. Àánú kì í pa òfin rẹ́. Nígbà tó parí, ó sọ ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún un, ó sọ ọ́ dé orí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, kò fi ohunkóhun pamọ́.

Waino jókòó pẹ̀ẹ́. Ó wo ìbọn tó fara ti ògiri bí ẹni tó ń wo àlejò tó ti ń jẹun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ogójì ọdún. Ó ki tábà sẹ́nu. Ó wá na ọwọ́ gbé ife Bàbá, èyí tó ní òdòdó búlúù lára, ó tutọ́ sínú rẹ̀.

"Elma," ó ní, "ibùba ẹ ni ibùba ẹ. Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn kékeré yẹn... ṣé wàá yá mi lọ́la?"

"Rárá. Ìdí ẹ̀ kúrú fún yín, awò á gé yín lójú. Ẹ lọ bá Ìyá Tervo, kó wọn apá yín."

"Á fi mí ṣẹ̀sín."

"Á fi yín ṣẹ̀sín gan-an ni. Èmi náà á tẹ̀ lé yín lọ kí n lè gbọ́ ọ." Elma sì nawọ́ sí ife. "Ẹ lọ fọ ìyẹn ná."

Waino gbé ife Bàbá àti omi gbígbóná orí sítóòfù jáde. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó fi ìdí ṣẹ́ẹ̀tì tó kù lára rẹ̀ nù ún, ó gbé e wá fún àbúrò rẹ̀ bí ọmọ tó gbé iṣẹ́ àmúrelé wá.

Elma gbé e sí imú.

"Ó ṣì ń rùn," ó ní. "Ẹ tún un fọ̀."